Ta Ló Ka Ìbò Rẹ Rí? Ìlà, Àpótí àti Ẹ̀rọ ní Ìkirè àti Àpòmù

  Ẹ̀yin tí dátà kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn, tí ẹ wá ń kà á níbí, ohun tí mo sọ náà nìyí. Ikọ́ mi àti ariwo jẹnẹrétọ̀ nìkan ni mo yọ kúrò.

Ní ọdún 1991, ìyá àgbà mi ń dín dòdò tà lẹ́bàá títì ní Ìkirè. Ẹ mọ dòdò Ìkirè, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá, tí wọ́n fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n dín nínú epo pupa títí tó fi dúdú. Kò sí ẹni tó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ tí wọn kò tíì nà án sí rí lójú fèrèsé ọkọ̀. Iwájú ilé baba kan ni wọ́n ti ń tà á. Wọn kì í san owó ìsọ̀, baba náà kàn gbà wọ́n láyè ni.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìdìbò gómìnà dé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò tíì pé oṣù mẹ́rin, ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ni wọ́n yọ ọ́ lára Ọ̀yọ́. Ìbò yẹn kò ní aṣọ ìkélé, kò sì ní ìwé tí èèyàn máa tẹ ìka sí. Wọ́n gbé àwòrán olùdíje sókè, wọ́n ní kí kálukú lọ tò sẹ́yìn ẹni tó bá wù ú. Òṣìṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò wá ń rìn láti orí ìlà dé ìdí, ó ń kà wọ́n: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó pariwo iye wọn, gbogbo èèyàn gbọ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó parí.

Ìyá àgbà mi tò sẹ́yìn ẹlẹ́ṣin, ìyẹn SDP. Baba onílé wà lórí ìlà kejì, ti ẹyẹ idì, NRC. Wọ́n rí ara wọn kedere. Baba kò bá wọn jà, kò sì lé wọn. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mọ́tò rẹ̀ síwájú ilé láràárọ̀, gan-an níbi tí ààrò wọn wà. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kó agbada wọn, wọ́n gba Àpòmù lọ, níbi tí wọ́n wà títí di òní.

Nígbà tí mo ń gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ètò yìí, mo bi wọ́n pé, "Mààmá, ṣé ẹ rí i pé ìbò orí ìlà yẹn kò dáa báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó gba ìsọ̀ lọ́wọ́ mi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú mi ni wọ́n ṣe kà mí. Ìwọ ńkọ́, ọkọ mi, ta ló kà ọ́ rí?"

N kò rí èsì fọ̀. Ohun tó fa ọ̀rọ̀ tòní nìyẹn.

Àríyànjiyàn lórí bí ó ṣe yẹ ká máa dìbò ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, ó ju ọjọ́ orí òbí wa lọ. Ní ọdún 1923 tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò sílé aṣòfin, Èkó àti Calabar nìkan ló kàn, ọkùnrin tó ń rí ó kéré tán 100 pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ló sì lè dìbò. Ní 1951, ìbò dé gbogbo ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ṣùgbọ́n ará ìlú kò fọwọ́ ara wọn yan aṣojú. Wọ́n yan àwọn tó máa yan àwọn mìíràn, àwọn yẹn ló wá yan aṣòfin. Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe gùn tó láti ẹnu ọ̀nà àgbàlá kan ní Ìkirè dé ilé aṣòfin ní Ìbàdàn, ẹ ó mọ̀ pé ohùn á ti pòórá lójú ọ̀nà.

Ìbò ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1959 ni àwọn àgbà wa máa ń rántí jù. Tọkùnrin tobìnrin ló dìbò lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ní Àríwá ọkùnrin nìkan ni. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní àpótí tirẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n fi aṣọ bò, àmì ẹgbẹ́ sì wà lára àpótí: ọ̀pẹ fún Action Group, àkùkọ fún NCNC. Ẹni tí kò mọ̀wé kò nílò kó mọ̀ ọ́n. O gba ìwé kan, o wọlé, o jù ú sínú àpótí tó wù ọ́. Àléébù rẹ̀ wà ní gbangba: ẹni tó dá wà nínú yàrá lè fi ìwé pamọ́ sábẹ́ ìró tàbí bùbá, kó gbé e jáde fún ẹni tó ń fowó rà á, ẹni yẹn á wá kó ogún ìwé wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ará Gambia, tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso bíi tiwa, wá nǹkan ṣe sí èyí. Wọn kì í lo ìwé rárá. Wọ́n á fún ọ ní òkúta róbótó kan bíi èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ìwọ á jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní àwọ̀ àti àwòrán olùdíje rẹ, agogo inú rẹ̀ á dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, àwọn tó wà níta á mọ̀ pé o ti ṣe òjóró. Dúrọ́ọ̀mù yẹn náà ni Yahya Jammeh fi fìdí rẹmi ní oṣù Kejìlá 2016, lẹ́yìn ọdún 22 lórí oyè. Mo fẹ́ràn agogo yẹn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ẹni tí o dìbò fún, síbẹ̀ gbogbo èèyàn gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lo dì í.

Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí agogo. Ìbò ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1965 dàrú débi pé wọ́n ń fi bẹntiróò wẹ èèyàn, wọ́n ń sun ilé. Wẹ́tìẹ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, sójà gba ìjọba. Ti 1983 náà kò dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún ọ̀hún ni sójà tún padà.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí Àpòmù ní ìtàn tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kíkà. Ọjà ńlá ni Àpòmù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Samuel Johnson kọ ọ́ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé ọjà yẹn ni ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti fa wàhálà lórí ataare. Ọ̀rọ̀ ataare di ìjà, ìjà di ogun, ogun Òwu yìí ló sì pa ìlú Òwu run. Ó dájú pé ọ̀rọ̀ mìíràn ti wà nílẹ̀ kó tó di pé ataare dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ná ọjà rí mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kékeré kí oníbàárà máa rò pé iye tí wọ́n kà fún òun kò pé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìlà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Humphrey Nwosu, olùkọ́ ìmọ̀ òṣèlú ní Yunifásítì Nsukka, ni Babangida fi ṣe olórí àjọ elétò ìdìbò ní 1989. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìbò orí ìlà bẹ̀rẹ̀: ti ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1990, lẹ́yìn náà ti gómìnà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó fẹ́ ẹ ní kò sí àpótí tí wọ́n máa jí gbé, kò sí ìwé tí wọ́n máa tẹ̀ sí kọ̀rọ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn tó kọ̀ ọ́ bèèrè pé: òṣìṣẹ́ ìjọba ńkọ́, tí ọ̀gá rẹ̀ ń wò ó? Ìmáàmù tàbí pásítọ̀ tí ọmọ ìjọ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì ńkọ́? Ìyàwó tí ìdílé ọkọ rẹ̀ ti mú olùdíje kan ńkọ́? Irú àwọn bẹ́ẹ̀ á kàn jókòó sílé ni. Mo tún mọ ẹnì kan tí wọ́n gbé mọ́tò sí ojú ààrò rẹ̀.

Àtúnṣe kan wáyé lórí èyí, òun sì ni mo rò pé ó dáa jù nínú gbogbo ohun tí a ti dán wò. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, wọ́n kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò orúkọ oníbò, lẹ́yìn náà ni kálukú gba ìwé, ó lọ tẹ ìka sí i níkọ̀kọ̀, ó wá jù ú sínú àpótí ní gbangba. Wọ́n ka ìbò lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ké èsì rẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ọwọ́ rẹ pamọ́, kíkà rẹ̀ wà níta. Baba onílé kò ní mọ ibi tí ìyá àgbà mi tẹ̀ sí, ìyá àgbà mi á sì rí i bí wọ́n ṣe kà á.

(Ẹ gbà mí láyè kí n tún nǹkan kan ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pe ìbò orí ìlà ní "Option A4". Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Option A4 ni ọ̀nà tí ẹgbẹ́ gbà yan olùdíje ààrẹ: o bẹ̀rẹ̀ láti wọ́ọ̀dù rẹ, o borí níbẹ̀, o lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, sí ìpínlẹ̀, kó tó di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí M.K.O. Abíọ́lá ṣe dé Jos ní oṣù Kẹta 1993 nìyẹn. Bí ẹ bá tún gbọ́ àríyànjiyàn yìí nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ti mọ èsì.)

Gbogbo wa mọ bó ṣe parí. Wọ́n fagi lé ìbò ọ̀hún ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà. Ìbò tí wọ́n kà dáadáa ni wọ́n pa. Nígbà tí Jega wá di olórí INEC ní 2010, ó mú ọ̀nà 1993 padà fún ìbò 2011: àyẹ̀wò lákọ̀ọ́kọ́, ìbò lẹ́yìn.

Ọdún 2007 ni mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ìdìbò. Ọmọ pírámárì ni mí, ní Ìkirè. Ní oṣù Kẹrin ni wọ́n kéde Ọlágúnsóyè Oyinlọlá. Ráúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá lọ sílé ẹjọ́. Mo kúrò ní pírámárì, mo wọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹjọ́ ṣì ń lọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 2010 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Ìbàdàn ní Arẹ́gbẹ́ṣọlá ló wọlé. Ó lé ní ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ lẹ́yìn ìbò!

Ìbò 2007 burú débi pé Yar'Adua fúnra rẹ̀, ẹni tí wọ́n dìbò náà fún, jẹ́wọ́ lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé ó ní kùdìẹ̀-kudiẹ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ó gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 22 dìde lábẹ́ Mohammed Uwais, adájọ́ àgbà ilẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n fún un lésì ní oṣù Kejìlá 2008. Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ní ká ṣe: kí ààrẹ má ṣe yan olórí INEC mọ́, kí ẹjọ́ ìbò máa parí kí wọ́n tó búra fún ẹnikẹ́ni, kí a fi ètò pípín ìjókòó gẹ́gẹ́ bí iye ìbò ẹgbẹ́ kún ti ẹni-tó-pọ̀-jù-ló-wọlé, kí ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ lè díje, kí àjọ tó ń ṣe ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ wá sábẹ́ INEC.

Díẹ̀ ló di òfin. Èyí tí mo lè tọ́ka sí ni ti àkókò: ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìbò ní ọjọ́ 180 péré, kòtẹ́milọ́rùn kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 60. Kò tó ohun tí Uwais fẹ́, torí wọ́n ṣì ń búra kí ẹjọ́ tó parí. Ṣùgbọ́n ọmọ pírámárì kò ní dàgbà di ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kí ẹjọ́ gómìnà tó parí mọ́.

Mo dìbò àkọ́kọ́ mi ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 2018, mo jẹ́ ọmọ ọdún 19. Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun, ẹ rántí òru yẹn. Adémọ́lá Adélékè ní ìbò 254,698, Gboyega Oyetola ní 254,345. Ìbò 353 ló wà láàárín wọn. INEC ní kò tíì parí, torí wọ́n ti fagi lé ìbò ní ibùdó méje ní Òṣogbo, Orolu, Gúúsù Ifẹ̀ àti Àríwá Ifẹ̀, iye èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ 3,498, ó ju 353 lọ. Wọ́n tún un dì ní ọjọ́ 27. Oyetola fi 482 borí. Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní oṣù Keje 2019, adájọ́ márùn-ún wà lápá kan, méjì lápá kejì, ó sì dúró sọ́wọ́ Oyetola.

N kò ní sọ fún yín ẹni tí mo dìbò fún. Ànfààní ìbò bòńkẹ́lẹ́ nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo wa ní Irewọlé àti Ìsọ̀kan ti dìbò, a ti lọ sílé, a wá ń wo tẹlifíṣọ̀n bí ibùdó méje ní ibòmíràn ṣe máa pinnu. Àwọn kan ní òfin ni, kò sí bí a ṣe lè kéde nígbà tí ìbò tó kù lè yí èsì padà. Àwọn kan ní ṣe ni ó fún àwọn olóṣèlú láyè láti kó gbogbo agbára wọn lọ síbi kékeré kan. Mo gbà pé àwọn méjèèjì ló jàre.

Ìgbà tó tún di ọjọ́ 16 oṣù Keje 2022, òfin ìdìbò tuntun ti wà, ẹ̀rọ BVAS ti dé. Ó ń wo ojú rẹ tàbí ìka rẹ, ó ń ya àwòrán fọ́ọ̀mù èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan, ó sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó. Adélékè ní 403,371, Oyetola ní 375,027. Ẹjọ́ tún wà, ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ tiẹ̀ gba ìjọba lọ́wọ́ Adélékè lórí ẹ̀sùn pé ìbò ju iye tí ẹ̀rọ kà lọ, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a padà fún un, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Karùn-ún 2023. Oṣù mẹ́wàá kò pé. Ẹ tún wo èyí ná: Ìsíákà Adélékè, tí ìyá àgbà mi tò sẹ́yìn àwòrán rẹ̀ ní 1991, ẹ̀gbọ́n Adémọ́lá ni. Orí ìlà ni ẹ̀gbọ́n ti wọlé, ẹ̀rọ ló ka àbúrò.

Tó bá jẹ́ pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ parí sí, màá ní kí ẹ jẹ́ ká lọ jẹ dòdò. Ṣùgbọ́n INEC kọ́ ló ń ṣe ìbò káńsù. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fi í sọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀, gómìnà ló sì ń yan àwọn tó wà níbẹ̀, tí ilé aṣòfin rẹ̀ á fọwọ́ sí i. Ní oṣù Kẹwàá 2022, nígbà tí Oyetola ṣì wà lórí àlééfà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló mú gbogbo rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2025, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ padà, apá kejì ní ìdájọ́ mìíràn ṣì wà nílẹ̀. Kálukú di ìwé ẹjọ́ tirẹ̀ mú, wọ́n dojú kọ sẹkitéríàtì.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì, ìyá àgbà mi pè mí láàárọ̀. Wọn kì í pè mí láàárọ̀, iná ààrò ni wọ́n máa ń dá. Wọ́n ní, "Má wálé o. Wọ́n ń jà ní Ìkirè." Ọjọ́ yẹn, ẹ̀mí ṣòfò káàkiri ìpínlẹ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ káńsù. Alága ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé tí ẹjọ́ ń lọ lórí ipò rẹ̀ wà lára àwọn tó kú. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà, àjọ ìpínlẹ̀ ṣe ìbò káńsù mìíràn, ẹgbẹ́ tí Gómìnà Adélékè wà nígbà yẹn ló mú gbogbo ipò alága. Owó tó yẹ kó máa wá láti Àbújá dúró. Òṣìṣẹ́ káńsù kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́.

Ẹgbẹ́ méjì, gómìnà méjì, èsì kan náà: gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ wo tiyín wò.

Ìmọ̀ràn Uwais ṣì wà nílẹ̀: kí INEC gbà á. Mo ti rò ó títí. Àwa tí a ń pariwo pé kí Àbújá dín agbára rẹ̀ kù, ṣé àwa náà la máa tún fa káńsù Ìsọ̀kan lé Àbújá lọ́wọ́? Ìyẹn kò rọrùn láti gbé mì. Bó bá tiẹ̀ rọrùn, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí òfin tó yí padà, àwọn gómìnà tó ń jẹ ànfààní rẹ̀ ló sì ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé aṣòfin yẹn lápò. Ní tèmi, ẹni tó ṣe ìbò kò ká mi lára tó bí wọ́n ṣe kà á. Bí àjọ ìpínlẹ̀ bá fẹ́ máa ṣe é lọ, kí wọ́n fi òfin dè wọ́n: kí wọ́n kà á ní ibùdó lójú gbogbo èèyàn, kí wọ́n lẹ fọ́ọ̀mù mọ́ ògiri níbẹ̀, kí wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé INEC nìkan ló lè gbà wá, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp, màá gbé e sáfẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ o, ẹ jọ̀ọ́.

Lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí Àpòmù. Mo ṣí ojú òpó INEC lórí fóònù mi, mo fi fọ́ọ̀mù ìbò gómìnà 2022 láti ibùdó wọn han ìyá àgbà mi. Wọ́n wọ díńgí wọn, wọ́n fi ìka tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. "Èmi wà nínú eléyìí?" Mo ní, "Ẹ wà níbẹ̀, Mààmá." Wọ́n ní, "Ti káńsù dà? Wá ti káńsù fún mi." Mo ṣàlàyé pé kò sí níbẹ̀, pé INEC kọ́ ló ṣe é. Wọ́n wo fóònù náà fún ìgbà díẹ̀ sí i, wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní kí n dìde lọ dá oníbàárà lóhùn. Wíwé dòdò mẹ́wàá ni ó fẹ́. Mo kà á sínú ọ̀rá fún un. Ó ní kí n dà á síta, kí n tún un kà.